Iná Pupa Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ohùn mi tó tán. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó ti di egungun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun: mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè pọ̀ ọ́ dànù. Dókítà ní kí n má máa sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé ọkàn mi ò lágbára mọ́. Mo ní ẹ ṣeun, dókítà, ṣùgbọ́n ṣebí dídákẹ́ ni mo ti ń dákẹ́ bọ̀ láti ọjọ́ yìí, ibo ló gbé mi dé? Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Mẹkáníìkì Obìnrin, tí ẹ ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọbìnrin yín pé kò síṣẹ́ tí obìnrin ò lè ṣe, ẹ fetí sílẹ̀. Kì í ṣe Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló pa ọkùnrin tó kú sínú ọkọ̀ búrẹ́dì. Èmi ni. Mi ò sí nínú ọkọ̀, mi ò sì sí lójú títì, ṣùgbọ́n èmi ni.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ọkọ àbúrò mi. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bó ṣe ń wakọ̀. Wọ́n á ní, “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbín ń bọ̀ lẹ́yìn o, yà fún un kó kọjá!” Òun á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹni tó bá délé láàyè ló tètè dé.” Màmá Oníbúrẹ́dì tó ń ṣe búrẹ́dì ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa ló ń bá wakọ̀. Láàárọ̀, á gbé búrẹ́dì gbígbóná kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù; tó bá di ọ̀sán, á gun òkè lọ sílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun, á kó àpò ìyẹ̀fun wálẹ̀. Àbúrò Màmá Oníbúrẹ́dì kan náà, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé nítorí ẹ̀rín, tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ló máa ń jókòó tì í, òun ló ń gbé àpò sọ́kọ̀. Èmi ni mò ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ojú ọ̀nà ni wọ́n máa ń bá a.

Kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi wá àwáwí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ìyà ti wọlé. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọkùnrin á gbé ọkọ̀ wá, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, “Ọ̀gá dà?” Mo ní, “Èmi ni ọ̀gá.” Á rẹ́rìn-ín, á tún ní, “Rárá o, ọ̀gá gan-an ni mò ń bi ẹ́.” Àwọn mìíràn á dúró lé mi lórí bí mo bá ti wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á máa sọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú fún mi, àwọn tí kò lè pààrọ̀ táyà ara wọn! Bí nǹkan bá le díẹ̀, wọ́n á ní kí n pe ọkùnrin kan wá. Inú mi máa ń hó bí omi orí iná. Ìbínú yẹn ni mo fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, òun náà ni mo fi kọ́ ìgbéraga. Mo búra pé ọkọ̀ kan ò ní kúrò lọ́wọ́ mi kó tún padà wá pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ìbúra tó dára, tí òmùgọ̀ fi ṣe ohun búburú.

Ọjọ́ kan ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Iná kan ń tàn níwájú mi o. Pupa ni, ó rí róbótó, ọ̀pá kékeré kan dúró lórí ẹ̀kán nínú ẹ̀.” Mo ní, “Ṣé kì í ṣe pé o gbàgbé bíréèkì ọwọ́ sókè?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ mí.” Lóòótọ́, mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ife ọ̀rá funfun kan wà níbẹ̀ tí ọ́ìlì bíréèkì máa ń wà nínú ẹ̀, ìlà méjì wà lára ẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọ́ìlì ti lọ sábẹ́ ìlà ìsàlẹ̀. Nǹkan kan tó léfòó wà nínú ife yẹn. Bí ọ́ìlì bá ti ń wálẹ̀, òun náà á máa bá a wálẹ̀, tó bá dé ibì kan, á ké sí iná kó tàn. Bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì bíréèkì kì í ṣe omi inú àwo tí oòrùn ń fà gbẹ. Bó bá dínkù, ó níbi tó gbà lọ: yálà bíréèkì ti jẹ tán létí táyà, tí ọ́ìlì ń sọ̀kalẹ̀ lọ dí àyè ẹ̀, tàbí ó ń jò. Kò sí ẹ̀kẹta tó ṣe pàtàkì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Kí ni mo wá ṣe? Mo rọ ọ́ìlì kún un, iná kú, mo ní, “Ó ti tán, máa lọ.” Ó ní, “Ẹ ò ní wo ibi tó ń gbà lọ, Ẹ̀gbọ́n?” Mo ní, “Iṣẹ́ ló kún ilẹ̀ yìí.”

Iná náà padà wá. Mo tún rọ ọ́ìlì. Ó tún padà wá. Nígbà tó yá, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo sì rí i: táyà ẹ̀yìn lápá òsì tutù nínú, ó ń dán. Rọ́bà kékeré tó ń há ọ́ìlì mọ́ níbẹ̀ ló ti jẹ. Mo ra tuntun, mo gbé e sórí pẹpẹ mi. Ó ku kí ọkọ̀ wá sùn sọ́dọ̀ mi, nítorí iṣẹ́ yẹn gba sùúrù: èèyàn á tú táyà, á pààrọ̀ rọ́bà, á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá jáde, á dán an wò, á tún un dán wò. Mo lọ bá Màmá Oníbúrẹ́dì. Ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Mẹkáníìkì, ọkọ̀ mi ò lè sùn sí ṣọ́ọ̀bù ẹ. Ṣé kí n fi orí ru búrẹ́dì kiri ìlú ni? Ṣé ọkọ̀ ò ń rìn?” Mo ní ó ń rìn, mà. Ó ní, “Kó máa rìn nígbà náà.” Ó yẹ kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n sọ ọ́ kedere pé, “Màmá, ọkọ̀ yìí máa pààyàn.” Mi ò sọ ọ́. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í gba ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí rọ́bà.

Bẹ́ẹ̀ ni iná yẹn sọ mí di ẹni ẹ̀sín. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí lára mi. Mo lè wà láàárín oníbàárà, kí àwọn ọkùnrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, kí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kàn rọra wọlé, kó na orí síta, kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iná yẹn ti tún dé o.” Àwọn ọkùnrin á wo ara wọn. Ọ̀kan á ní, “Àbí ọkọ̀ yìí ń wá fẹ́ mẹkáníìkì ni?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra iná náà bí ẹni kórìíra olófòófó àdúgbò. Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ búrẹ́dì lókèèrè, eyín mi á há pọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń bínú sí, kì í sì í ṣe ọkọ àbúrò mi. Òtítọ́ tí iná ń sọ ni mi ò fẹ́ gbọ́.

Ọjọ́ burúkú náà, ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́ọ̀sì tó fi ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó ń wá ẹni tí yóò máa tún wọn ṣe. Ó ti ń wo irinṣẹ́ mi, ó ti ń mi orí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ọkọ̀ búrẹ́dì bá wọlé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iná yẹn ni o.” Ọkùnrin oníbọ́ọ̀sì yẹn yí ojú padà, ó ní, “Ṣé kì í ṣe ọkọ̀ tí mo bá níbí lọ́jọ́sí nìyí? Iná kan náà?” Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Mo gbé ìgò ọ́ìlì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù nínú ẹ̀. Mo rọ ọ́ sínú ife, kò dé ìlà. Iná ò kú. Mo gbọ́ tí ọkùnrin yẹn mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ife, níbi tí wáyà ti wọ inú ẹ̀, mo sì fà á yọ. Kò ju kí èèyàn fa èpò kan lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pariwo láti inú ọkọ̀, “Ó ti kú o! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀.” Mo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa. Mo ní, “Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ.” Ọkùnrin oníbọ́ọ̀sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo sọ fún ara mi pé tí ọjọ́ ìsinmi bá dé, ọjọ́ tí wọn kì í ṣe búrẹ́dì, mo máa mú ọkọ̀ náà wọlé, mo máa ṣe é bó ṣe yẹ. Ọjọ́ ìsinmi dé. Abẹ́ bọ́ọ̀sì ọkùnrin yẹn ni mo wà. Ìsinmi mìíràn dé, abẹ́ bọ́ọ̀sì náà ni. Rọ́bà wà lórí pẹpẹ, eruku ń bò ó. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé gbólóhùn kan péré ni ìbá tó. Ǹ bá sọ fún un pé, “Máa ṣí iwájú ọkọ̀ yẹn láràárọ̀ kí o wo inú ife.” Ẹni bíi tiẹ̀, tó máa ń nu dígí kó tó jókòó, ìbá wò ó. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á bi mí pé kí ló dé, ṣebí iná ò tàn mọ́. Nítorí náà, mo pa ẹnu mọ́, ọ́ìlì sì ń jò lọ, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, olùṣọ́ kan ṣoṣo tó lè kígbe, èmi ti dì í lẹ́nu.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Mo gbọ́ ariwo láti òkè, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ògiri bá ń wó. Ohun tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ nígbà tí wọ́n gbé e jáde, òun kan náà ló sọ fún ọlọ́pàá, òun ló sọ ní kóòtù, kò yí i padà rí: “Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Mo tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀. Kò dáhùn. Mo wo iwájú mi, iná kankan ò tàn. Mo fa bíréèkì ọwọ́, ẹrù wúwo jù ú lọ. Mo rí àwọn èèyàn tó tò síbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo bá yà sára ògiri.” Ó yà sára ògiri kó má baà pa àwọn èèyàn tó pọ̀. Apá ibi tí Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sí ló gbá ògiri. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ìyẹ̀fun ti bo gbogbo nǹkan, ilẹ̀ funfun, ojú wọn funfun. Orúnkún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti fọ́, ó ń fàyà wọ́ lọ sápá kejì ọkọ̀, ó ń ké pe Ẹlẹ́rìn-ín pé kó dìde, kó dá òun lóhùn, kó rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín ò dá a lóhùn.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí èmi ni mẹkáníìkì rẹ̀. Ọlọ́pàá ní, “Màdáámù, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tí mo bá ti ilé ìwòsàn dé, ẹ̀yin ni mo máa bi léèrè bí bíréèkì ẹ̀ ṣe rí.” Ó lọ. Mo ti géètì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi tán, ó ku ohun tó ju báyìí lọ. Iwájú ọkọ̀ ti rún lápá ibi tí Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sí, ṣùgbọ́n apá awakọ̀ níbi tí ife wà àti ẹ̀yìn rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo gbé e sókè. Mo tú táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Mo mú rọ́bà tuntun lórí pẹpẹ, mo gbọn eruku rẹ̀ nù, mo fi sí i. Mo fi bẹntiróòlù nu gbogbo ibi tí ọ́ìlì ti jò sí, títí kò fi dán mọ́. Mo fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀pá. Mo rọ ọ́ìlì tuntun dé ìlà òkè. Mo wá ti wáyà padà sáyè rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ní n kò ráyè ṣe fún alààyè, mo ráyè ṣe é fún òkú ọkọ̀ tí kò ní rìn mọ́ láéláé. Omijé ń dà lójú mi bí mo ṣe ń ṣe é. Mi ò ṣe bíréèkì kan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọlọ́pàá padà dé, ó ti ẹsẹ̀ bọ inú ọkọ̀, ó tẹ bíréèkì. Ó ní, “Bíréèkì yìí mà le dáadáa.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó ní, “Eré ló ń sá nígbà náà.” Mo ní, “Ọkọ̀ tó bá ru ìyẹ̀fun sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, eré ló máa ń wù ú láti sá.” Gbólóhùn yẹn ni mo tún sọ ní kóòtù, nígbà tí wọ́n sì bi mí nípa iná yẹn, mo ní ó ti kú tipẹ́. Ẹ rí ọgbọ́n èké? Mi ò sọ pé ó sáré. Mo kàn ṣí ilẹ̀kùn fún irọ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Àbúrò mi wá bá mi nílé kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bára mu. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wojú mi. Ọkọ mi ní bíréèkì ò mú. Ṣé lóòótọ́ ni?” Mo ní, “Bíréèkì mú.” Ó ní, “Ẹ fi ìyá wa búra.” Mo fi ìyá wa búra. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó ní, “Irọ́ ló wá ń pa fún mi látọjọ́ yìí. Ó lè ní ó ṣèèṣì, mo máa dárí jì í. Kí ló dé tó ń parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi?” Wọ́n rán Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́wọ̀n. Nígbà tó fi máa dé, àbúrò mi ti kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú mìíràn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fún un lọ́kọ̀ mọ́. Ó rí iṣẹ́ ìṣọ́nà nílé ìwé kan, ó ń ṣí géètì, ó ń ti géètì, ó sì ń tiro. Àwọn tó ń fi ìgbín ṣe yẹ̀yẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ wá ń pè é ní Asáré-pa-ni. Màmá Oníbúrẹ́dì, bí ó bá rí i lápá ibí, á gba apá ọ̀hún.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù wàyí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò jókòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ọkọ̀. Ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ kí èèyàn rò pé bíréèkì lòun tẹ̀, kó jẹ́ pé ibòmíràn lẹsẹ̀ òun wà? Mo ti rò ó, mo ti tún un rò, orí mi fẹ́ dàrú. Gbogbo ayé ní bíréèkì dára. Ẹ̀yin náà ní ó dára, ẹ ò sì ní parọ́ mọ́ mi. Á jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ló ṣìnà. Àbí?” Sípánà wà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Ó ku kí n gbà á kọjá. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí oníbàárà, kò sí adájọ́, àwa méjì péré ni. Mo sì lanu, mo ní, “Ó máa ń ṣẹlẹ̀.” Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ó sàn kéèyàn mọ̀.” Ibẹ̀ ló ti lọ tààrà sọ́dọ̀ Màmá Oníbúrẹ́dì. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ti fọ́ yẹn, ó ní, “Màmá, mo ti ń sọ pé bíréèkì ni. Kì í ṣe bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi ló ṣìnà, èmi ni mo pa á.” Màmá Oníbúrẹ́dì ní kó dìde kó kúrò níwájú òun. Wáyà tí mo fà yọ, inú ló bí mi. Rọ́bà tí mo fi sí i, ẹ̀rù ló bà mí. Ṣùgbọ́n “ó máa ń ṣẹlẹ̀” yẹn, kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí ẹ̀rù. Ojú mi dá, orí mi pé. Mo gba ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ìyẹn ni pé ó mọ ohun tí òun ṣe.

Àìsàn wá dé, ó gbé mi dùbúlẹ̀. Àwọn tó ń kì mí tẹ́lẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kó èso wá, wọ́n lọ. Ta ló kù? Ẹ̀yin náà ẹ gbà á rò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń wá láràárọ̀ kó tó lọ ṣí géètì. Òun ló ń gbé omi kaná fún mi, tó ń fọ aṣọ tí mo fi ń sùn. Òun ló ń di apá mi mú lọ síbi bọ́ọ̀sì bí a bá ń lọ sílé ìwòsàn, a ó jọ máa rìn, ó ń tiro, èmi ń mí gúlegúle, àwọn èèyàn ń wò wá. Ó ń bí mi nínú! Mo fẹ́ kó bú mi, kó jí nǹkan mi, kó ṣe ohun kan tí mo lè fi dá a lẹ́bi díẹ̀. Kò ṣe é. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Kí ló dé tí o fi ń ṣe gbogbo èyí?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò pè mí ní apànìyàn rí.”

Mi ò lè gbà á mọ́. Mo ní kó gbé ife oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, kó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, wáyà, rọ́bà, ọlọ́pàá, ìbúra. Mo ń retí kó fún mi lọ́rùn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, “Mo tẹ̀ ẹ́?” Mo ní, “O tẹ̀ ẹ́.” Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì?” Mo ní, “Orí bíréèkì ló wà. Ìwọ wà níbi iṣẹ́ rẹ. Èmi ni mi ò sí níbi tèmi.” Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ náà mú, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ tó sọnù padà fún. Nígbà tó sunkún tán, ó wọn oògùn mi bó ṣe yẹ, ó gbé e sí ibi tí ọwọ́ mi lè tó o, ó sì jáde. Kò bú mi. Kò tíì padà wá. Mi ò sì retí rẹ̀. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo sọ fún òun náà. Ohun tó sọ kò ju, “Ìyá wa lẹ mà fi búra,” lọ, ó sì gé fóònù. Màmá Oníbúrẹ́dì wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó ní, “Àní ìwọ? Ìwọ tí mò ń kó búrẹ́dì fún!” Mo ti ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, wọ́n ti gbọ́ tẹnu mi. Wọ́n ní bí mo bá dìde, a ó jọ lọ. Bí mo bá dìde, mo ṣetán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ̀yin tí ẹ sì ń wakọ̀, iná ò bá yín ṣe ọ̀tá. Bí ti yẹ́lò bá tàn, ó ń sọ fún yín pé kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Bí ti pupa bá tàn, tí bíréèkì ọwọ́ sì wà nílẹ̀, ẹ wá ibi tó dára kí ẹ dúró. Ẹ máa wo inú ife nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Ọ́ìlì tó bá ti dúdú ti darúgbó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tí ẹ ti ṣí ìgò ẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́ ti mu omi inú afẹ́fẹ́, ẹ dà á nù. Bó bá sì dínkù, ẹ má kàn rọ òmíràn lé e lórí kí ẹ máa fọ́nnu bíi tèmi. Ẹ tọpa rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi yín ṣẹ̀sín pé ẹ ò tètè rí i tún ṣe, ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í pààyàn. Ohun tí mo ṣe kí wọ́n má baà rín mi ló pa ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ dùn jù ní àdúgbò wa.

Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Bóyá Ọlọ́run máa ṣàánú mi, ìyẹn wà láàárín èmi àti Òun. Ọ̀nà mìíràn ni ẹ̀bẹ̀ mi gbà. Ọkùnrin kan wà tó ń ṣí géètì ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ọjà aṣọ. Gbogbo yín lẹ ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, tí ẹ mi orí, tí ẹ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá a. Ẹ má rán ẹlòmíràn, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, kí ẹ dúró níwájú rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti gbọ́, pé ó tẹ̀ ẹ́.